Ọ̀fun Baálẹ̀ àti Irin Àwẹ̀ró
Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ o. Ilẹ̀kùn ilé mi gan-an ń ké, ń ṣe ni mò ń bá a kẹ́dùn. Baálẹ̀ Láaróyè ló gbọ́ lórí rédíò pé àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣèwádìí bí irin ṣe ń ha irin títí tó fi ń jẹ, lòun náà bá di olùwádìí. Ó ní gírísì ló ń sọ irin di ọ̀lẹ. Àwẹ̀ró, opó tó ń lọ ẹ̀gẹ́ fún wọn lábúlé, kò gbọ́dọ̀ fi kan ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́, bí irin náà bá sì jẹ, òun á gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Irin ti gbọ́, Baba. Ó ní kí ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀fun yín ṣe é, kí òun wò yín kọ́ ọ." Ló bá gbé iyán tó ti gún wá kalẹ̀ níwájú Baálẹ̀ àti gbogbo ìjòyè rẹ̀. "Ọbẹ̀ dà?" "Háà, Baba! Ṣé kí ọ̀fun yín di ọ̀lẹ ni?" Àwọn ìjòyè ń fi agbádá bo ẹnu. "Èmi Láaróyè! Iyán lásán?" Baálẹ̀ bu òkèlè bí ìkúùkù, ó gbé e mì, òkèlè dúró sáàárín ọ̀nà. Ojú rẹ̀ yọ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Àwẹ̀ró bu ọbẹ̀ ilá sókè, ó ń fà yọ̀ọ̀. "Bí mo bá bu fún ọ̀fun, màá bu gírísì fún irin o, Baba." Baálẹ̀ ń mirí bí alángbá. Ilá wọlé, òkèlè yọ̀ lọ. Ẹ̀rọ ń mu gírísì di òní, Baálẹ̀ sì ń sọ káàkiri pé òun lòun ṣèwádìí rẹ̀ yanjú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ta gan-an ló ṣèwádìí yẹn?