Láṣebìkan Tó Yá Ẹnu Ẹlẹ́nu

Ohùn-ò-jọhùn, Ẹnu-ò-jẹnu, awo òde Ìdí-Arére, àwọn ló yẹ Ifá wò fún Láṣebìkan, lọ́jọ́ tó ń fi omijé ṣògbérè ipò baálẹ̀.

Ní Ìdí-Arére, ẹni tó bá fẹ́ jẹ baálẹ̀ yóò dìde ní gbàgede, yóò kí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń kí i, yóò sì sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Nígbà tó bá yá, wọ́n á tún pàdé, ará ìlú á sì tò sẹ́yìn ẹni tó wù wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ipò náà ti bọ́ lọ́wọ́ ilé Láṣebìkan. Bó bá tún bọ́, wọn kò ní í pe ilé wọn síbi oyè mọ́.

Adélàkún ló ń bá a du oyè. Bí Adélàkún bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ tó ń sunkún á dákẹ́. Ọ̀rọ̀ Láṣebìkan ní tirẹ̀ kì í pọ̀, ó sì máa ń le bí èkùrọ́.

Àwọn awo ní kí Láṣebìkan rú ìgbín àti oyin, kó má sì yá ẹnu ẹlẹ́nu. Ó rú ìgbín. Ó wo oyin, ó ní ohun tí ọ̀fun òun ń wá gan-an nìyí, ó bá lá a tán. Ẹ ò rí ọ̀rọ̀? Ìkìlọ̀ gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde. Ó jókòó sílé, ó ń kọ́ bí Adélàkún ṣe ń fa ohùn, bó ṣe ń pa òwe, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láàárín ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Níbi tí Láṣebìkan ti ń wá ohùn ẹni ẹlẹ́ni, ọkàn rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó kọjú sí àwọn aláró, dípò "Àrẹ̀dú o" tí a fi ń kí wọn, ó ní "Àrìnpa o", bí ẹni ń kí ọdẹ. Gbàgede bú sẹ́rìn-ín. Kí ni aláró fẹ́ pa nínú ìkòkò? Ojú tì í dé egungun, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí títí dòní.

Ó padà tọ àwọn awo lọ, ó rú ẹbọ oyin, ó sì gbọ́ ìkìlọ̀. Ó ń lọ bá àwọn èèyàn nídìí iṣẹ́ wọn, ó ń jókòó tì wọ́n, ó ń gbọ́ tẹnu wọn.

Ọjọ́ ìtò pé. Adélàkún sọ̀rọ̀, inú ìlú dùn. Ká ní mo wà níbẹ̀, èmi náà ì bá pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Àṣàbí, olórí àwọn aláró, bi í pé odò ń gbẹ, kí ni wọn yóò ṣe. Adélàkún fi oríkì odò dá a lóhùn. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, àmọ́ àtẹ́wọ́ náà kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ó kan Láṣebìkan. Ó kọjú sí Àṣàbí.

"Àrẹ̀dú o, Ìyá. Mi ò mọ bí odò ṣe ń kún. Kànga ni mo mọ̀. Gbogbo wa la máa gbẹ́ ẹ, ó sì máa rẹ̀ wá."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Èmi ni màá kọ́kọ́ wọ ihò."

Àṣàbí gbé àpótí rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn Láṣebìkan. Àwọn aláró tẹ̀ lé e, àwọn àgbẹ̀ tẹ̀ lé wọn, Láṣebìkan sì di baálẹ̀. Kò lé Adélàkún. Ó ní kó wá máa bá òun kí ìlú, nítorí ohùn dídùn náà wúlò. Adélàkún rò ó, ó gbà.

Láṣebìkan ń jó, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awo, awo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifá. Ifá ní rírú ẹbọ dára, gbígbọ́ ìkìlọ̀ ló ń mú kí ẹbọ dà. Ohùn dídùn á mú ìlú yọ̀. Ẹ̀yìn ẹni tó gbọ́ tiwọn ni wọ́n ń tò sí.