Ọmọ Tánganran Inú Táyà

Ní ìlú kan tó wà lórí òkè, ọkùnrin kan wà tí ẹ̀rù ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ kò fi ìgbà kan kúrò lára rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ilé ìwòsàn wà, orí kẹ̀kẹ́ ló sì máa ń gbé ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ arúgbó náà kò gbé e jìnnà mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà jẹ́ àpáta, ọwọ́ òsì jẹ́ ọ̀gbun.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ìlú náà ní àṣà kan. Kí ẹnikẹ́ni tó dorí kọ ìsàlẹ̀, yóò gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè, yóò fi ọwọ́ yí táyà, yóò sì dẹ etí sí i. Àwọn ọmọ irin róbótó inú ìdí táyà ló ń jẹ́ kí ó yí. Bí wọ́n bá dípẹtà, wọn a máa ké. Ẹni tí tirẹ̀ bá ké yóò padà sílé.

Igbe yìí ni ọkùnrin náà kò lè fara dà. Bí irin bá ti ké, àyà rẹ̀ á já. Ó tọ atúnkẹ̀kẹ́ṣe lọ.

“Yọ wọ́n dànù. Fi èyí tí kì í sọ̀rọ̀ sí i.”

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe rẹ́rìn-ín. “Bọ̀dá, èyí tí wọ́n fi tánganran ṣe lẹ ń wá. Kì í dípẹtà. Ẹ ó gbó, kò ní í gbó.”

Láti ìgbà náà, táyà dákẹ́ bí ẹni tó sùn. Ọkùnrin náà kò gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè mọ́. Kí ni yóò tún máa gbọ́?

Ní ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìyá rẹ̀ ní, “Àjàgbé, kẹ̀kẹ́ rẹ ń jó síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ mi o.”

“Màmá, ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀nà ni kò dára.”

“Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n gbà gbé mi wá sílé ọkọ. Kò jó nígbà náà.”

Kò tíì dá a lóhùn tí táyà iwájú fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó fún bíréèkì, kẹ̀kẹ́ yà sí òsì. Kò sí igbe, kò sí ariwo, ọ̀gbun nìkan ló ń sún mọ́ wọn. Ó gbọ́ èémí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó fi gbogbo agbára yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì forí sọ àpáta. Wọn kò kú. Ṣùgbọ́n itan ìyá náà kán, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí wọ́n tú táyà náà, àwọn ọmọ tánganran ń dán, kò sí èyí tó ní àpá. Abọ́ irin tí wọ́n ń yí nínú rẹ̀ ni wọ́n ti jẹ, ó fẹ́lẹ́, ó sì ti ya. Irin pẹ̀lú irin a jọ máa gbó ni, wọn a sì jọ ké. Ṣùgbọ́n líle àwọn wọ̀nyí kò jẹ́ kí nǹkan kan ṣe wọ́n. Ohun tó gbà wọ́n sínú ni wọ́n lọ̀ kúnná.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, o ń yangàn fún wa pé ilé rẹ tòrò, pé ìyàwó rẹ kì í ráhùn mọ́ láti ìgbà tí o ti le mọ́ ọn. Lóòótọ́, kò sí ohun tó ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n àyà mi ń já nítorí obìnrin náà. Kò sunkún, kò fẹjọ́ sùn, ó kàn ń rù sí i ni. Má ṣe pe ìyẹn ní àlàáfíà. Dìde, lọ sílé nísinsìnyí, jókòó tì í, bi í ní ohun tó ń dùn ún. Bó bá bú ọ, dúpẹ́.