Òkèlè Ẹ̀bà Tí Ọkọ̀ Gbádégẹṣin Kọ̀

Gbádégẹṣin, tíṣà ìṣirò kan ní Iléṣà, ní ọkọ̀ pupa pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tí ìjókòó rẹ̀ kò ju méjì lọ. Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé kí ọkọ òun tó lè gbọ́ tòun, àfi kí òun náà ní táyà mẹ́rin. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe ọkọ̀ náà: bó bá ti rí òkè, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Bẹ́ẹ̀, orí òkè ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá Gbádégẹṣin, ń gbé. Ojú ìyá náà ti ń ṣú, ó sì ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé Ìtùnú, ọmọ oṣù mẹ́rin, wá kí òun rí i kí iná ojú òun tó kú. Wọ́n fi ìrìn àjò náà sí Sátidé.

Gbádégẹṣin gbọ́ pé irin kan wà tí wọ́n ń pè ní sípésà, tí wọ́n ń tì bọ abẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, kó lè rí èémí fà. Òun àti Àyọ̀ká lọ bá Bàbá Ògúnrìndé, mẹkáníìkì rẹ̀. Mẹ́ta ni bàbá náà tò síwájú wọn: èyí tó fẹ́lẹ́ bíi bisikíìtì, èyí tó jù ú lọ díẹ̀, àti èyí tó nípọn bí ègé iṣu. Gbádégẹṣin nawọ́ sí ègé iṣu.

Bàbá ní kó fara balẹ̀. Sípésà á gbé orí ẹ́ńjìnnì sókè, bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà sì ti rẹlẹ̀ jù. Ó bi Àyọ̀ká bóyá ẹ̀bà àná kù nílé. Òun á lẹ òkèlè kan mọ́ orí ẹ́ńjìnnì, òun á pa bónẹ́ẹ̀tì dé, òun á tún ṣí i. Bí òkèlè bá ṣe tẹ́ tó ni àwọn á fi mọ àyè tó kù.

"Bàbá, ṣé ẹ̀bà àná lẹ fẹ́ fi bọ́ ọkọ̀ eré?"

"Kò ní gbé e mì, tíṣà. Á kàn bá wa wọn àyè ni."

Àyọ̀ká ní kó jẹ́ kí òun sáré mú un wá. Gbádégẹṣin ní ògún ọdún lòun ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ojú òun tó rúlà. Wọ́n de ègé iṣu mọ́ ọn. Bónẹ́ẹ̀tì kọ̀, kò pa dé. Bàbá ní kí wọ́n yọ ọ́, Gbádégẹṣin kò gbà. Ọ̀já tí Àyọ̀ká fi ń pọn Ìtùnú ló gbà, tó fi de ẹnu ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ pinpin.

Nígbà tó di Sátidé, Àyọ̀ká gbá ọmọ mọ́ àyà, kò gbójú kúrò lára kókó ọ̀já yẹn. Ká sòótọ́, ọkọ̀ náà gun òkè bí ewúrẹ́. Gbádégẹṣin ń súfèé. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà ni kókó tú. Bónẹ́ẹ̀tì là gbàà, ó bo gíláàsì, wọn kò rí iwájú mọ́. Àyọ̀ká dorí bo ọmọ. Gbádégẹṣin tẹ bíréèkì títí táyà fi ké. Nígbà tí ọkọ̀ máa dúró, àyè tó wà láàárín táyà àti kòtò kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìtùnú ń rẹ́rìn-ín.

Àyọ̀ká sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀já rẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó pọn ọmọ, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ìyá Àgbà gba ọmọ, ó tẹjú mọ́ ọn títí, ó fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá rí ohun pupa tó yanu sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Gbádé, kí ló dé tí ọkọ̀ rẹ lanu báyìí? Ṣé ebi ń pa á ni?"

Gbádégẹṣin ń wo ilẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ fún un lẹ́bà nílé, Ìyá Àgbà," ni Àyọ̀ká dáhùn. "Ó kọ̀ ọ́."

Ní Ọjọ́ Ajé, Gbádégẹṣin fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀bà sínú abọ́, tó fọmọrí dé e, tó gbé e lọ bá Bàbá Ògúnrìndé pé kó wá fi wọn àyè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí ẹnìkan bá fẹ́ ra ohun tí kò kọ́kọ́ wọ̀n, àwọn àgbà inú ọgbà mẹkáníìkì á wò ó, wọn á sì pa á lówe pé: ọkọ̀ tó kọ òkèlè nílé, ojú títì ni yóò ti lanu.