Ọlọ́wọ́-gbọọrọ Inú Àjà

Oní-fọ́tò kan wà ní Òṣogbo tí kì í ya fọ́tò ìgbéyàwó tàbí ti ìsọmọlórúkọ. Ohun tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù nígbà tí wọ́n wà ní kékeré ni ó máa ń yà. Bí àgbàlagbà kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á fún un ní àga, á ní, "Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, kí lẹ ò lè wò lójú?" Bí ẹni náà bá sọ ọ́ tán, á wá igi, aṣọ àti ọ̀dà, á ṣe nǹkan náà bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún un, á ní kí ẹni náà dúró tì í, á sì ya àwọn méjèèjì pọ̀.

Obìnrin kan sọ fún un pé òun máa ń rò pé ẹ̀wù òjò tí bàbá òun fi kọ́ ara ògiri ní orí. Ó bá ṣe orí kan tí kò ní ojú, ó fi lé ẹ̀wù òjò lọ́rùn. Awakọ̀ tírélà kan ní ìyá òun máa ń sọ pé odó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ń rìn tí gbogbo ilé bá ti sùn. Ó bá ṣe ẹsẹ̀ èèyàn fún odó. Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín nígbà tó rí fọ́tò tirẹ̀. Awakọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi aṣọ bo odó náà kí òun tó jókòó.

Oní-fọ́tò náà ní ẹ̀rù tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà ní Ìrágbìjí. Obìnrin yìí sọ fún un pé Ọlọ́wọ́-gbọọrọ ń gbé inú àjà ilé wọn, pé ọmọ tó bá gòkè lọ síbẹ̀ ni yóò na ọwọ́ mú. Ọmọ náà dàgbà, ó gbéyàwó, síbẹ̀ kò lè sùn láìtan iná. Tí wọ́n bá mú iná lọ, á jí, á jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, ó ya tirẹ̀ náà. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ọwọ́ gígùn kan ń bọ̀ láti inú ihò àjà, ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà rẹ̀. Ó gbé e kọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù nínú gbọ̀ngàn ńlá kan, ó ní kí àwọn èèyàn wá wò ó. Ó sì lọ gbé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ kí ó rí i.

Màmá arúgbó náà dúró níwájú fọ́tò yẹn. Ó ní, "Àjàgbé, kí lèyí?"

"Ọlọ́wọ́-gbọọrọ ni, Màmá."

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ọkùnrin náà rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò ṣàwàdà rárá. Màmá ti gbàgbé. Inú bí ọkùnrin náà. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi! Ẹ ní inú àjà wa ló ń gbé."

Màmá wá àga, ó jókòó. "Àjà yẹn ti jẹrà nígbà náà," ló sọ. "Ọmọ kan láàárín àwọn ayálégbé wa gun orí rẹ̀, ó já bọ́, kò dìde mọ́. Ìwọ náà sì ń gun gbogbo nǹkan. Ṣé kí n wá máa sọ̀rọ̀ òkú fún ọmọ tí ò tíì lè wẹ̀ fúnra rẹ̀? Mo wá nǹkan sọ tí o ò fi ní gòkè. O ò sì gòkè."

"Mi ò gòkè, Màmá. Ṣùgbọ́n mi ò lè sùn lókùnkùn náà."

"Láti ìgbà yẹn?"

"Títí di àná."

Màmá fi ìborùn rẹ̀ bojú. Nígbà tó ṣí i, ó ní kí ó gbé òun padà sílé, kí ó sì wá àkàbà.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n gbé àkàbà náà ti ihò àjà. Ọkùnrin onírùngbọ̀n yìí gbé ẹsẹ̀ lé e, ó tún gbé e kúrò. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí àkàbà mú. "Mo wà níbí," ló wí. "Gòkè." Ó gòkè, ó ti orí bọ inú àjà.

"Kí lo rí?"

"Ìgbẹ́ àdán. Apẹ̀rẹ̀ kan tó ti já."

"Kí tún ni?"

"Kò sí nǹkan míì."

"Kò fìgbà kan sí nǹkan míì," ni Màmá sọ. "Nígbà tí wọ́n tún àjà yìí ṣe, ó yẹ kí n ti gbé ọ gòkè wá wò ó. Mo rò pé o ti gbàgbé bí èmi náà ṣe gbàgbé. Má bínú sí mi, ọmọ mi."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe.

Nígbà tó padà sí Òṣogbo, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì pa iná kó lè sùn. Kò lè sùn. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó bá a tan iná náà padà. Ojú rẹ̀ ti rí inú àjà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbà.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí fún ọ ni pé mo gbọ́ ohun tí o sọ fún ọmọbìnrin rẹ lánàá, nígbà tó fẹ́ lọ ṣeré nídìí kànga. O ní obìnrin kan wà nínú omi tó ń fa ọmọdé lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà sá kúrò, ọkàn rẹ sì balẹ̀. Mi ò bá ọ wí pé o lé e. Kànga yẹn jìn. Ṣùgbọ́n ìwọ á gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn láìpẹ́, òun ò ní gbàgbé. Ó ṣì kéré, ọ̀rọ̀ náà ò tíì wọ̀ ọ́ lára. Dì í lọ́wọ́ mú lónìí, kí ẹ jọ dé ẹnu kànga. Jẹ́ kó ju òkúta sí i, kó gbọ́ bó ṣe pẹ́ kó tó kan omi. Sọ fún un pé ẹni tó bá já bọ́ síbẹ̀ lè kú. Ìyẹn náà á bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n ìdí kànga ni ẹ̀rù yẹn á dúró sí. Kò ní bá a délé, kò sì ní bá a sùn.