Oje Igi Ẹlẹ́kún àti Ìka Àwẹ̀ró

Mo kí yín o, ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ oòjọ́ yín dé tí ẹ wá jókòó yí mi ká lábẹ́ igi odán yìí. Mo kí ẹ̀yin àgbà tí eegun ń ro, mo kí ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò tíì mọ ohun tí ń ro ènìyàn. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ọdẹ́kúnlé tí ó pa ẹfọ̀n tán tí ó fi ìwo rẹ̀ mu omi, ọmọ ọmọ Ọdẹ́gbàmí tí ó sun inú igbó títí tí àwọn ẹranko fi rò pé àwọn ni àlejò. Ní ìdílé wa, ìró ìbọn ni ọmọ ń kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Mo rí ẹ̀yin kan lọ́hùn-ún tí ẹ ń wo fìlà mi tí ẹ ń rẹ́rìn-ín sínú, mo sì mọ ohun tí wọ́n ti sọ fún yín pé ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi fìlà náà sílẹ̀ ná. N óò ṣí i fúnra mi, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ó fà á, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ìyàwó mi fi sílẹ̀ fún mi kí ó tó kú. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ irun dídì ni iṣẹ́ rẹ̀, bí ó bá sì di ṣùkú fún obìnrin, ọkọ obìnrin náà kò ní rántí oko lọ́jọ́ náà. Ní ọdún tí mo ń wí yìí, kókó kan hù sí ìka ìfábẹ̀là rẹ̀. Kókó líle kékeré ni, orí rẹ̀ rí ṣákaṣàka, kò sì dùn ún rárá. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró kò fẹ́ kí ó máa fa irun oníbàárà, ó fi abẹ gé e. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ó rò pé ó ti tán, àfi bí àwọn mìíràn ṣe ń hù ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà kàn. Ó tún gé ìwọ̀nyẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Kí òjò ọdún náà tó dá, ìka ọmọ mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti kún fún kókó.

Ẹ̀yin ará, kò wá sí ẹni tí kò ní oògùn ní ìlú wa! Ẹni tí ikọ́ ara rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sùn ń kọ́ wa bí a ti ń wo kókó. Ọ̀kan ní kí a kán oje ìbẹ́pẹ tútù sí i. Ọ̀kan ní inú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí a fi lẹ̀ ẹ́ kí a sì dì í títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọ̀kan gún aáyù mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, èyí bó awọ rere, ó sì fi kókó sílẹ̀. Ọ̀kan ní kí a fi òwú so ọrùn rẹ̀ títí yóò fi rọ, ìka wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Ìyá kan ní kí a fi ẹran tútù nù wọ́n lára, kí a sin ín sí ẹnu ọ̀nà, pé bí ẹran bá ti ń jẹrà ni kókó yóò máa jẹrà. Ajá wa hú ẹran náà ó jẹ ẹ́. Òmíràn ní kí a fi àgbàdo kan gbogbo kókó náà kí a sì dà á sí oríta kí èrò ọ̀nà lè gbé e lọ, adìyẹ tiwa ló lọ ṣà á jẹ. Mo ń ṣọ́ adìyẹ yẹn títí, kókó kankan kò hù sí i.

A rẹ́rìn-ín ìyẹn, èmi àti Àwẹ̀ró. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi kúrò nínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò wá mọ́. Bí ó bá na igbá omi sí ènìyàn, onítọ̀hún á ní òùngbẹ kò gbẹ òun. Ìyá kan tí ó ti bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ kí ó di irun ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ pàdé rẹ̀ lọ́nà odò, Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí i, obìnrin náà sì kọjá bí ẹni tí kò gbọ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run; mo rò pé ọmọ mi ń fara dà á ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo wá ọ̀bẹ ọdẹ mi, n kò rí i. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá Àwẹ̀ró, ó ń pọ́n ọ̀bẹ náà lórí òkúta.

Mo ní, “Àwẹ̀ró, kí lo fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe?”

Kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Bàbá mi, ìka wọ̀nyí ni. Bí wọn kò bá sí, kókó kò ní rí ibi hù sí. Gbogbo ayé ti dákẹ́ sí mi, ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá mi lóhùn.”

Èmi tí mo ti dojú kọ ìyá ẹkùn tó ń tọ́mọ, ẹ̀rù ọmọ tí mo bí bà mí lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró de àbọ̀ mi, mo sì sáré lọ bá Ìyá Lámọ̀ní, arúgbó tí ń ta ewé àti egbò ní ẹ̀bá odò, tí ó dàgbà jù mí lọ.

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó pòṣé. Ó ní, “Abẹ tí ẹ fi gé e ló sọ ọ́ di púpọ̀, ìwọ ọkùnrin yìí. Igi Ẹlẹ́kún wà nínú Igbó Má-bi-mí. Gba oje rẹ̀ sínú ìkarahun ìgbín. Fi òrí yí ìdí kókó ká kí oje má baà jẹ awọ rere, má sì jẹ́ kí ó dé ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí oje bá ti kán sínú ìkarahun títí tí yóò fi kan kókó, o kò gbọdọ̀ fọhùn. Bí o bá fọhùn, oje á di omi. Má sì sọ èèwọ̀ náà fún ọmọ, ẹni tí a ń wá oògùn fún kì í gbọ́ ọ.” Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ọlọ́run nìkan ló mọ bí ìwọ ṣe fẹ́ pa ẹnu yẹn mọ́.”

Mo gbé ìbọn, mo há ìkòkò tábà sẹ́nu, mo forí lé Igbó Má-bi-mí, igbó tí a kì í bi ẹni tó bá ti ibẹ̀ bọ̀ léèrè ohun tí ó rí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú ọdẹ rí ni ẹnu ọdẹ ń sọ, ṣùgbọ́n n óò sọ díẹ̀. Mo rí Elétí-gbọọrọ, iwin tí ń fi etí rẹ̀ kan ṣe ẹní, tí ó ń fi èkejì bora. Mo rí Abikùn-méjì tí ikùn rẹ̀ ọ̀tún ń bá tòsì jà nítorí oúnjẹ. Mo rí Ẹlẹ́sẹ̀-òkè tí ń fi orí rìn, tí àwọn ẹyẹ ti kọ́lé sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rí ìyá arúgbó kan tí kókó ara rẹ̀ ń kọrin, àwọn ti apá a dá a, àwọn ti ẹ̀yìn a gbè é. Gbogbo wọn pátá ni kókó bò, láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọba wọn, Kókólórí, sì jókòó sí ìdí igi Ẹlẹ́kún, kókó orí rẹ̀ tó àgbọn, eèrà ń wọlé, eèrà ń jáde nínú wọn.

Ó bú sẹ́rìn-ín nígbà tí ó rí mi. Ó ní, “Arúgbó, ta ló rán ọ wá síbi tí a kì í rán ẹni tí a fẹ́ràn? Igi tí o gbé léjìká yìí, ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ fi dà?”

Mo ní, “Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ọdẹ́kúnlé! Ìtàkùn tó ní kí erin má ròkun, tòun terin ni wọ́n jọ ń lọ. Ìwọ tí kókó kún ìdí rẹ títí, bí o bá jókòó, orí kókó ara rẹ lo jókòó lé. Dìde níbẹ̀ kí n gba oje fún ọmọ mi!”

Ó ní, “Ẹnu rẹ dùn. Ẹnu náà la ó fi mú ọ. Gba oje rẹ kí o máa lọ, àwa yóò sìn ọ́ sọ́nà.”

Mo ha èèpo igi náà, oje funfun ń kán wọ inú ìkarahun. Láti ìgbà náà ni mo ti pa ẹnu dé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Lọ́jọ́ náà, bí mo bá fọhùn ni tara mi yóò bá mi dákẹ́. Àwọn iwin tẹ̀lé mi bí ará ìlú tí ń tẹ̀lé olè. Wọ́n ní ẹran tí mo ń pa, òkú ni mo ń bá wọn. N kò fọhùn. Wọ́n ní ẹtu kékeré lé baba mi Ọdẹ́kúnlé gun orí igi, ó sì já ṣòkòtò sílẹ̀ fún un. Baba mi, ẹ̀yin ará! Mo deyín mọ́ ìkòkò tábà mi títí ọrùn rẹ̀ fi kán sí mi lẹ́nu, n kò fọhùn.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a jáde, wọ́n dákẹ́ lójijì. Mo wá gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Bàbá Àwẹ̀ró, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹ dúró dè mí.” Ohùn ìyàwó mi tó kú ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ṣe máa ń pè mí bí a bá ń ti oko bọ̀. Ẹni tó ń sunkún a máa ríran. Mo ń sunkún, mo sì ń wo ọ̀nà, n kò dá a lóhùn. Ó dùn mí ju gbogbo ọgbẹ́ tí ẹranko ti dá sí mi lára.

Mo dé ìlú ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ènìyàn ń kí mi, “Ẹ kú ewu, ọdẹ!” Mo ń kọjá lára wọn bí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní iwin ti gba ohùn mi. N kò kà wọ́n sí, àfi ìgbà tí mo rí Àwẹ̀ró tí ó sáré jáde láti inú ilé. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, bàbá mi. Ẹ kú ìrìn.”

Mo wò ó. N kò lè fọhùn.

“Bàbá mi, ẹ káàbọ̀ o.”

Mo na ìkarahun náà sí i kí ó lè mọ̀, ṣùgbọ́n omi ti kún un lójú, kò rí ohun tí mo nà. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ̀yin náà, bàbá mi.” Ó dìde, ó wọlé.

Kí n tó dé inú ilé, ó ti dojú odó dé, ó ti tẹ́ ìka ọwọ́ òsì sórí rẹ̀, ó sì ti gbé ọ̀bẹ sókè. Ọ̀rọ̀ kan péré ì bá dá a dúró, ọ̀rọ̀ náà sì ni n kò ní. Mo gbé ìkarahun kalẹ̀, mo já fìlà sọnù, mo wólẹ̀, mo sì gbé orí mi lé orí odó náà, láàárín ọ̀bẹ àti ìka ọmọ mi. Mo fa ọwọ́ rẹ̀, mo ki í bọ inú irun mi. Irun náà ti kún, ewé àti ẹ̀gún igbó ló wà nínú rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ náà kò mira. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ ọ́n lára tí ìka kan yọ ẹ̀gún kan kúrò, tí òmíràn yọ ewé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ọwọ́ náà kò gbàgbé. Mo gbọ́ nígbà tí ọ̀bẹ bọ́ sílẹ̀.

Mo fi òrí yí kókó àkọ́kọ́ ká, mo kán oje sí i. Ẹ̀yin ará, gbogbo oríkì ara mi tí mo ti tò jọ sínú láti igbó ni mo fẹ́ kì lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó jáde lẹ́nu mi kò ju, “Àwẹ̀ró, èèwọ̀ ló pa mí lẹ́nu mọ́. Di irun fún mi.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé ìka rẹ̀, mo jókòó sí iwájú ilé níbi tí gbogbo ayé ti lè rí wa, ó sì di ṣùkú sí mi lórí, èmi arúgbó ọdẹ. Mo ki orí náà bọ ọjà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n rín in dáadáa, kí wọ́n sì wò ó dáadáa, ìka Àwẹ̀ró ló wà lórí mi, n kò sì kú. Ẹ̀rín náà ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá tí kò dá a lóhùn lọ́nà odò ni ó kọ́kọ́ mú ọmọ rẹ̀ wá.

Oje náà kò yára ṣiṣẹ́. Ó ń sọ kókó di dúdú, ó ń gbẹ wọ́n, wọ́n sì ń já lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi jẹ iṣu tuntun. Ọ̀kan ṣẹ́ kù ní ọmọdinrín rẹ̀ tí kò lọ títí di òní. Kò sì tún fi abẹ kàn án.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí kókó bá hù sí lára, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ ní sùúrù, kí ẹ sì lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Kókó kì í pa ènìyàn, ojú tí a fi ń wo ènìyàn ló ń pa á. Ó yá, mo ṣí fìlà mi. Ẹ wò ó! Ṣùkú ni, àárọ̀ yìí ni ọmọ mi dì í, ọdọọdún ló sì ń dì í ní àyájọ́ ọjọ́ tí mo ti igbó yẹn dé. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ sílé, obìnrin tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà wa tí yóò kí yín nì, Àwẹ̀ró ni. Ẹ dá a lóhùn.