Egbò Tí Ó Panu Dé

"Egbò panu dé, inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Òkè-Ìrẹ̀sì, ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló mọ egbò tí òwe náà ti ṣẹ̀ wá?

Àjàgbé ló ni egbò náà. Àgbẹ̀ ni, ebè rẹ̀ a máa ga bí òkìtì ọ̀gán. Ìpá mú un, ó sì ń fi bùbá gígùn bò ó fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù méjì, ó yọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré fún un. Ìyá Adúnọlá, nọ́ọ̀sì àgbà, kìlọ̀ fún un pé kí ó máa wọ pátá tí yóò gbé abẹ́ ró, kí ó má sì mú ọkọ́ fún oṣù kan gbáko.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ojú abẹ ti pa dé. Ọjọ́ náà gan-an ni àáró kan oko Láoyè, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Nínú àáró wọn, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, àwọn yòókù a bá a kọ oko tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni Àjàgbé fẹ́ sọ irú àìsàn yìí fún, tí àwọn àna rẹ̀ kò ní gbọ́?

"Ọkọ ìyàwó," Láoyè ké láti ẹnu ọ̀nà, "ṣé ọkọ́ ti wúwo jù fún ẹ ni? Ká bá ẹ wá abẹ́rẹ́, kí o máa ránṣọ?"

"Ìwọ Láoyè yìí! Máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ."

Ó kọ ọgọ́rin ebè. Kí ó tó délé, ẹpọ̀n rẹ̀ ti wú bí ọmọ agbè, ó sì dúdú bí aró. Láoyè àti àwọn yòókù ló gbé e padà sí ilé ìwòsàn.

"Ṣebí ó ti pa dé, mà?" ni ó ń wí.

"Ẹnu ló pa dé, ọmọ mi," ni Ìyá Adúnọlá fèsì. "Inú ṣì ń sọ̀rọ̀, o ò gbọ́."

Ẹ̀jẹ̀ ló ti sun sínú. Wọ́n tún ojú abẹ là, wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ dídì jáde, wọ́n sì yọ kórópọ̀n kan tí ó ti bàjẹ́. Ìgbéyàwó yẹ̀ sí ọdún kejì. Kórópọ̀n kan tó kù náà ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ ọmọ mẹ́ta, ọpẹ́ ni. Ní gbogbo ìgbà tí ó fi dùbúlẹ̀, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ló kọ oko rẹ̀ tán, bí wọn ì bá ti kọ ọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ká ní ó là á yé wọn.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn tí ó ń wá iṣẹ́ kiri, tàbí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà tọkọtaya tí ọkọ ti ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀, àwọn àgbà a ní, "Egbò panu dé, inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀." Wọn kì í fi bú ni. Wọn a sọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọn a sì gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.