Bàtà Ẹsẹ̀ Kan Tí Ọnàyẹmí Fi Rúbọ

Ní ọjọ́ Ògún, nínú oṣù Òkúdù, Àwẹ̀ró aya Ọnàyẹmí kú.

Àgbà-jókòó-ó-wolé ló dá Ifá fún Ọnàyẹmí agbẹ́gilére, lọ́jọ́ tí ọba ní kí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin, kí ọnà ara rẹ̀ má jọ ti ìlú kankan. Bí ọdún bá dé tí ilẹ̀kùn kò dé, iṣẹ́ ọba bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọnàyẹmí ti ń rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń wo ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Èyí tó wù ú jù, òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ.

Ifá ní kí ó fi àdìẹ kan àti bàtà ìrìn rẹ̀ rúbọ, kí ó jókòó sílé. Ó ní ohun tó ń wá kò kúrò lábẹ́ òrùlé rẹ̀.

Ọnàyẹmí fi àdìẹ rúbọ. Ó fi bàtà ẹsẹ̀ òsì rúbọ. Ó ní kí ni Èṣù fẹ́ fi méjèèjì ṣe? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ bàtà ọ̀tún, ó tún mú ọ̀nà pọ̀n. Kò tíì dé ẹnubodè tí ẹ̀gún fi gún un lẹ́sẹ̀ òsì. Ó tiro padà wálé.

Ìyá Àwẹ̀ró, àna rẹ̀, jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ẹní tí ọmọ rẹ̀ hun dé ìdajì kí ó tó kú. Ọnàyẹmí dọ̀bálẹ̀ fún un, tòun ti bàtà kan.

"Ọkọ ọmọ mi, ta ló gba èkejì?"

"Èṣù ni, Ìyá."

"Ẹ jọ pín in ni? Ó dáa. Ẹ máa pàdé lọ́nà."

Ojú tì í. Ó gbé bàtà ọ̀tún lọ sí ìdí Èṣù. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lọ síbì kankan mọ́. Ó wá bẹ àna rẹ̀ kí ó kọ́ òun ní ẹní híhun, kí ti Àwẹ̀ró má baà wà bẹ́ẹ̀.

"Ìka tó rí bí ọmọ odó yìí?" ni ìyá wí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, "Ẹní nìyí àbí ìtẹ́ ẹyẹ? Tú u!"

Ó tú u. Ó tún un hun. Ibi tó ti ń tú u ló ti rí bí koríko dúdú ṣe ń wọ abẹ́ funfun, tó tún ń yọ lókè. Láti ọjọ́ tó ti gbé Àwẹ̀ró níyàwó ló ti ń sùn lórí ọnà yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ó gbẹ́ ẹ sára ilẹ̀kùn. Ọba wò ó títí, ó bi í pé ìlú wo ló ti rí i.

"Yàrá mi ni, Kábíyèsí."

Ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ awo rẹ̀. Awo ní Ifá ni kó lọ kí. Ọnàyẹmí rú ìdajì ẹbọ, ẹ̀gún ló rí. Ó rú u pé, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ tuntun, ó rí ojú rere ọba. Ẹni tí Ifá bá gbà níyànjú, kí ó gbà á tán.

Ohun tí Àwẹ̀ró fi sílẹ̀ láyé nìyí: ọ̀bẹ kan tó fi ń gé koríko, ìdì koríko kan, dúdú àti funfun, ẹní kan, ìdajì rẹ̀ gún régé, ìdajì rẹ̀ wọ́, ìyá kan, ọkọ kan.